Ilé tí Ọmọbìnrin Mi Kọ́ sí Itori

Nígbà tí mo ń kọ́ ilé mi ní Òwu, àpò sìmẹ́ǹtì kan kò tó náírà mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n pè é fún mi, ojú ò sì ti ẹni tó ń tà á. Ní yunifásítì, tọ́rọ́ la fi ń jẹ ẹ̀wà àti dòdò yó.

Ọ̀wọ́n sìmẹ́ǹtì yìí ni mo fi mọ ohun tí ilé tó wà ní Itori gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin mi. Owó oṣù rẹ̀ ló fi kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ẹbí ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ sí. Ó fẹ́ gbàwé ilẹ̀ kó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, èmi ni mo dá a dúró. Èmi àti bàbá ọkọ rẹ̀ la jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì. Ṣé èmi ni kí n máa béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìgbéyàwó náà tú ká. Kóòtù ní kí ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó máa lọ bá bàbá rẹ̀ nígbà ọlidé. Ìyẹn ò fa ìjà. Ilé ló kù. Adájọ́ ní òun ò lè gé ilẹ̀ ẹbí fún ẹni tó ti jáde nínú ẹbí. Kí wọ́n lọ jókòó sọ ọ́ nílé. Ọmọ mi kò dá mi lẹ́bi. Ó kàn ń fọ abọ́ kan náà léraléra.

Mo wọ mọ́tò lọ bá ọ̀rẹ́ mi, bàbá ọkọ rẹ̀, ní Itori.

“Ẹ kú àtijọ́, àna mi.”

“Àna ti tán, ó ku ọ̀rẹ́,” ó ní. “Gbogbo ìwé ayé lo kà tán ní yunifásítì, àfi ìwé ilẹ̀!”

“Ìwọ tó o fún un nílẹ̀ láìfún un níwèé ńkọ́?”

“Tìrẹ ni mo ń wò kọ nígbà ìdánwò. Kí lo rò pé màá mọ̀?”

Ní Sátidé, ó pe ẹbí jọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní kí wọ́n wá nǹkan díẹ̀ fún ọmọ mi, kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ìyá àgbà tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kọjú sí i.

“Ta ló kọ́lé?”

“Ìyàwó ni, mà.”

“Ta ló bí ọmọ fún wa?”

“Òun náà ni.”

“Ta lo wá ń lé? Ìyàwó lè jáde nílé wa, ìyá ọmọ wa ò lè jáde. Ẹ fi ilé yẹn fọ́mọ. Kí ìyá rẹ̀ máa bá a mójú tó o títí yóò fi dàgbà. Bó fẹ́ gbébẹ̀, bó fẹ́ fi háyà, kẹ́nikẹ́ni má bi í.”

Ọmọ mi ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dá a dúró. Akọ̀wé ẹbí kọ ọ́, àwa méje, títí kan bàbá ọmọ, sì fọwọ́ sí i. Àtàǹpàkò ni ìyá àgbà tẹ̀.

Tíṣà kan ló háyà ilé náà báyìí. Ọmọ mi àti ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní Òwu, ariwo wọn ló ń jí mi láàárọ̀, mi ò sì fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Bí ọlidé bá dé, ọmọ á lọ bá bàbá rẹ̀, á sì gbé gààrí Itori bọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìpàdé yẹn, ọmọ mi ní kí n bá òun ka àwọn tó fọwọ́ síwèé, kí òun lè mọ ẹni tó máa jẹ́rìí bí ọ̀rọ̀ bá dé lọ́la. Ìyá àgbà ti lọ sọ́run. Àbúrò ọkùnrin ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ. Akọ̀wé ẹbí wà. Bàbá ọmọ wà. Ọmọ mi wà. Èmi náà wà.