Ewé Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Snow ń bọ́ lójú fèrèsé basement àwọn aládùúgbò mi, yàrá abẹ́ ilé, ní Savanna, àdúgbò wa nílùú olótùútù yìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí òwú tí ẹnìkan ń tú dànù lókè. Inú ilé móoru. Ó dà bíi pé abẹ́ omi la wà.

Garo ni wọ́n, ará orí òkè ní India. Màmá wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò padà. Láàárín wọn, ọmọbìnrin ló ń jogún ilé, àbíkẹ́yìn ni wọ́n sì sábà máa ń mú. Nínú ilé tiwọn, ìmọ̀ ewé wà lára ogún náà. Bí ọmọ yìí kò bá gbà á kí Màmá tó wọ bàálù, kò sí ẹlòmíràn.

Èmi aládùúgbò wá mu tíì. Akọ̀ròyìn ni mí, ìwé àkọsílẹ̀ mi wà lápò bí ìṣe mi.

Màmá to ewé méjìlá sílẹ̀, ó fi síkáàfù di ọmọ rẹ̀ lójú, ó gbé ewé gbígbẹ kan sí i nímú.

"Kí nìyí?"

"Koríko."

"Koríko ni bàbá ẹ!"

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ èébú náà fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí ó bá mi bi Màmá ní orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà mọ mẹ́ta léraléra. Màmá pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ló rí ìwé mi lórí itan ọmọ rẹ̀, tó ń yọjú wò ó lábẹ́ síkáàfù.

"Aunty ló fún mi," ọmọ náà ní.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo sọ.

"Ìwé kò ní imú," Màmá dáhùn. "Ewé méjì tó bá jọra, ìwé á fi pa èèyàn."

Ó ya ojú ìwé náà, ó fi pọ́n àwọn ewé gbígbẹ. Ó wá já ọ̀kan nínú méjìlá náà ní tútù láti inú ìkòkò ojú fèrèsé, ó fún un lọ́wọ́, ó gbé e sí ọmọ rẹ̀ nímú.

Ọmọ náà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tún fà á símú.

"Ẹja," ó ní. "Mo wà ní kékeré, inú ń run mí. Òjò ń rọ̀. Ẹ̀yìn yín ni mo wà, ẹ ń rún un lẹ́nu kí ẹ tó fi sí mi lẹ́nu."

Màmá kò yìn ín. Ó tún síkáàfù náà dì, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ó ku mọ́kànlá."

Mo lọ ki ìwé mi bọ bàtà snow mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo padà jókòó, mo di ojú mi.