Ewúrẹ́ Wo Ló Fi Ọ̀bẹ Gé Yúnyun Mi?

Bàbá Tìmí, ọkọ́ yín tí mo yá ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín, mo sì ti fọ̀ ọ́. Ó wá ku ọ̀rọ̀ yúnyun mi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ọ̀sán o.

Mo gbin yúnyun síwájú ilé mi ní Erinjẹ níbí. Bàbá Tìmí, aládùúgbò mi tó ń sin ehoro, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ tún ń bomi rin igbó?"

Òdòdó rẹ̀ yọ, ó pọ́n bí ìyeyè. Mo ń dúró kó gbẹ kí n lè kó irúgbìn rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo jí, mo bá a ní gígé mọ́lẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé e sì mọ́ bíi ti ọ̀bẹ. Mo lọ bi Bàbá Tìmí.

Ó ní, "Ewúrẹ́ ni, mà."

"Ewúrẹ́ wo ló ń fi ọ̀bẹ jẹun?"

Mo ní kó ṣí ilé ehoro kí n wò ó. Ó ní ehoro òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí àlejò bá yọjú sí i, á pa ọmọ rẹ̀ jẹ.

Lóòótọ́, ehoro ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ehoro ò lè rí yúnyun kó mójú kúrò?

Ẹ bá mi dá sí i, ṣé ewúrẹ́ ni?

Ó ní ọjọ́ Ẹtì làwọn ọmọ ehoro máa lajú, ìgbà náà ni àlejò lè wò wọ́n. Ọjọ́ Ẹtì náà ni mo ń bọ̀ wá gbọ́ èsì, Bàbá Tìmí.