Ojú Ilẹ̀ Ni Eilert Ń Wò

Bí ìdíje àgbáyé fún àwọn tó ń fi pákó ẹsẹ̀ fò látorí òkè yìnyín bá ti dé sí ìlú wọn ní Norway, Eilert àtàwọn ará àdúgbò rẹ̀ á so pákó gígùn mọ́ bàtà, wọ́n á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á sì máa tẹ yìnyín ibi tí àwọn tó ń fò á balẹ̀ sí, títí á fi le gbagidi. Yìnyín rírọ̀ ló ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Kò fò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, gbogbo èrò gbójú sókè, wọ́n ń hó yèè. Ilẹ̀ ni Eilert tẹjú mọ́. Bí ẹnì kan bá ti balẹ̀ tó kọjá, á tiro lọ tẹ ibi tí pákó onítọ̀hún bá gbẹ́.

Nígbà tó délé, Solfrid ìyàwó rẹ̀ ń gé wàràkàṣì.

"Ọkọ mi, ta ló gbégbá orókè?"

"Mi ò mọ̀."

"Háà! Èmi tí mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n mọ̀ ọ́n, ìwọ tó o wà níbẹ̀ látàárọ̀ ò mọ̀! Ṣé oorun lo lọ sùn ni?"

"Ṣé o rí ẹni tó ṣubú?"

Solfrid ronú díẹ̀. "Rárá o. Kò sẹ́nì kankan."

"Èmi ni mo gbégbá orókè nìyẹn," ni Eilert wí, ó sì na ife kọfí rẹ̀ sí i.