Onísítíárìn àti Apá Irin Tó Sán

Àwọn awakọ̀ kì í pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Onísítíárìn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá ń fà sápá kan, bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, bí nǹkan bá ń dún kó-kó-kó lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yà sí kọ́nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Kì í fọwọ́ kan bíréèkì. Ẹni tó bá ní kó bá òun wo iná ọkọ̀, á ní, "Ẹ lọ bá oníná. Èmi ò fẹ́ kí iná gbé mi."

Aránṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ sítíárìn. Ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ọkọ yìí ń fi púlà yọ irin kan tó ti dípẹtà mọ́ ojú ihò. Púlà ni irin tó ní eyín méjì, tí bóòtù gígùn kan sì wà láàárín wọn. Eyín á gbá nǹkan mú lábẹ́, bóòtù á máa ti orí irin tí wọ́n fẹ́ yọ títí yóò fi jáde. Ọkùnrin náà ń kánjú lọ́jọ́ yẹn. Ó tú nọ́ọ̀tì kúrò pátápátá, ó sì lo púlà tó tóbi ju ibi tó fi í sí lọ. Púlà fò yọ. Ojú òsì rẹ̀ ló bá lọ.

Láti ìgbà náà ni ìyàwó ti kó abẹ́rẹ́ àti òwú sínú àpótí. Ọkọ á jókòó sórí àga, á máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìyàwó á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, á máa ṣe é. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ọkọ tó pa ẹnu mọ́. Ó ní òun dákẹ́ nítorí pé ìyàwó òun ti mọ̀ ọ́n ju òun lọ. Ìyàwó ní irọ́ ni, pé ẹnu ló rẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago méje kò tíì lù, ẹ̀gbọ́n Onísítíárìn ọkùnrin wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ wọlé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wàràwàrà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, torí pé kò sí ohun tó ń ṣe tí kì í kánjú. Oúnjẹ gan-an, bí ẹni tí wọ́n ń lé ló ṣe ń jẹ ẹ́. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé kan lọ gbé wọn bọ̀. Àwọn ọmọbìnrin mọ́kànlá ló wà nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, àti tíṣà wọn obìnrin. Ìdánwò ni wọ́n ń lọ ṣe nílùú kan ní òdìkejì òkè. Tí aago mọ́kànlá bá ti lù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Wákàtí méjì ni ọ̀nà òkè náà ń gbà, kọ́nà ló kún inú rẹ̀, ọ̀gbun sì wà lápá kan.

"Àbúrò mi, tètè!" Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀. "Sítíárìn ń gbọ̀n. Mo ti ra orí táírọ́ọ̀dù tuntun. Bá mi pààrọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n máa lọ."

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi."

"Káàárọ̀ o. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo wí."

Táírọ́ọ̀dù ni irin gígùn tó ń jíṣẹ́ sítíárìn fún táyà. Orí rẹ̀ ní ìdí ṣóńṣó kan tó wọ inú ihò apá irin tó wà lẹ́yìn táyà. Bí ìdí náà bá yọ, tàbí tí apá irin yẹn bá kán, awakọ̀ lè máa yí sítíárìn títí ilẹ̀ á fi ṣú, táyà ò ní dá a lóhùn.

Onísítíárìn ní kí àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀. Ó fi jáàkì gbé bọ́ọ̀sì, ó yọ táyà, ó sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó dẹ nọ́ọ̀tì tó wà nídìí táírọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ tán. Ó fi í sílẹ̀ lẹ́nu irin. Láti ọjọ́ tí ojú ọkọ rẹ̀ ti lọ, kò yọ nọ́ọ̀tì tán rí kó tó fi púlà sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbé òòlù àti fọ́ọ̀kì wá. Fọ́ọ̀kì yìí jẹ́ irin oníka méjì tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọ àárín irin méjì kí wọ́n lè já sílẹ̀. "Fi èyí gbá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, á jáde."

"Á jáde lóòótọ́, Bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n á gbọn gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jìgìjìgì. Ẹ jẹ́ n lo púlà."

Púlà mẹ́ta ló fi kọ́ sára ògiri. Ó mú kékeré, ẹnu rẹ̀ kò gba apá irin náà. Ó wo ńlá, kò tilẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀. Ètè lásán ni eyín rẹ̀ á fi dì í mú. Ó mú ti àárín. Eyín rẹ̀ jókòó pẹrẹsẹ sábẹ́ apá irin, kò kan rọ́bà tó bo orí táírọ́ọ̀dù. Ó kán epo sí bóòtù púlà, ó sì rí i pé ẹnu bóòtù náà bọ́ sí àárín gbùngbùn orí irin tó fẹ́ yọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó wá fi sípánà bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Ó yí i títí ó fi le. Irin náà kò mira. Ó tún yí i díẹ̀, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sí i.

"Gbé ojú ẹ kúrò níwájú rẹ̀," ọkọ rẹ̀ sọ látorí àga.

"Mo ti gbé e kúrò."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní.

Tí púlà bá ti le tó bẹ́ẹ̀, tí irin kò sì jáde, òòlù kékeré ni obìnrin yìí máa ń fi kan ẹ̀gbẹ́ apá irin jẹ́jẹ́, kí ìpẹtà lè tú u sílẹ̀. Irin tó bá péye á dún gan-an-ran. Ó kàn án. Kò dún bẹ́ẹ̀. Ó dún pàkọ̀, bí ìkòkò tó ti sán.

Ó rákòrò lọ sí apá kejì bọ́ọ̀sì, ó kan apá irin tibẹ̀. Gan-an-ran. Ó padà síbi tó ti kúrò. Pàkọ̀.

Ó yí bóòtù púlà díẹ̀ sí i. Gbàù! Irin fò jáde láti inú ihò, nọ́ọ̀tì sì dì í mú níbi tó wà. Àwọn ọmọ pariwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

"Ó ti jáde! Gbé tuntun sí i, ká máa lọ."

Onísítíárìn fi epo bẹntiróòlù fọ apá irin náà títí ara rẹ̀ fi mọ́. Ó fi kẹrosíìnì pa á, ó nù ún gbẹ, ó wá na ọwọ́ jáde láti abẹ́ bọ́ọ̀sì.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ṣọ́ọ̀kì?"

Tíṣà wá inú báàgì rẹ̀, ó fún un ní funfun kan. Obìnrin náà fi ṣọ́ọ̀kì ra irin yẹn títí ó fi funfun báláú, ó sì ń wò ó. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, kẹrosíìnì tó ti sápamọ́ sínú irin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà. Ìlà dúdú kan fara hàn díẹ̀díẹ̀, ó tín-ín-rín bí irun orí, láti etí ihò títí dé ibi tí apá náà ti tẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóṣòó, ó yọjú. "Ìdọ̀tí ni."

Obìnrin náà nù ún nù, ó tún un ṣe. Ibi kan náà ni ìlà yẹn tún gbà jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òòlù ti bà á.

Wàràwàrà rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbúrò mi, rọra sọ̀rọ̀. Tíṣà ń gbọ́. Gbé tuntun sí i, màá wà á jẹ́jẹ́. A ó pààrọ̀ apá yẹn lọ́la."

"Ta ló fi òòlù lù ú?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bojú wo ibi tí tíṣà dúró sí.

"Bọ̀dá mi, ta ló lù ú?"

"Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo fẹ́ tú u fúnra mi, kò jáde. Mo bá lù ú díẹ̀."

"Òòlù wo lẹ lò?"

"Èyí tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló tọ́ ọ nígbà tí bàbá wọn kú. Èjìká rẹ̀ ló ń gbé e sí lọ sílé-ìwé tí òjò bá ti kún ojú ọ̀nà. Òun ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán. Obìnrin náà sì mọ̀ pé tí tíṣà bá gbọ́, ilé-ìwé á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun.

Ó mú sípánà, ó tú bóòtù méjì tó di apá irin náà mọ́ ìdí táyà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé iṣẹ́ ló ń bá lọ. Nígbà tí apá náà já sílẹ̀, obìnrin náà tì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó dìde.

"Tíṣà, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Apá tó ń yí táyà ti sán. Bọ́ọ̀sì yìí ò lè gun òkè lónìí."

Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ́n.

"Gbé e fún mi."

"Mi ò ní gbé e fún yín."

"Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín lóòótọ́. Tó bá wù yín, ẹ gbá mi létí. Mi ò ní gbé e."

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ọkọ obìnrin náà dìde lórí àga. Ọwọ́ yẹn dúró lókè, ó sì wálẹ̀.

"O ta mí lọ́pọ̀," ó wí. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó fẹsẹ̀ rìn jáde, ó fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí jáàkì.

Tíṣà ti ń pe ènìyàn lórí fóònù. Nígbà tó kọjá aago mẹ́jọ àbọ̀ díẹ̀, takisí méjì dé, àwọn ọmọ fún ara wọn mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí itan. Tíṣà yíjú sí Onísítíárìn. "Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì yẹn dání," ló sọ, ó sì wọ takisí.

Obìnrin náà kò lè ṣiṣẹ́ mìíràn ní àárọ̀ yẹn. Ó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Nígbà tí fóònù ọkọ rẹ̀ dún lọ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ subú níbi tó ti ń sáré lọ. Tíṣà ni. Ó ní nígbà tí wọ́n dé, ìṣẹ́jú méjìlá ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn aago méjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ti fi fáìsì orí tábìlì di apá irin yẹn mú. Ó na òòlù kékeré sí i. Ọkùnrin náà wò ó, ó gba òòlù, ó lu irin náà lẹ́ẹ̀kan, kò le ju bí ènìyàn ṣe ń fọ́ ẹyin lọ.

Apá irin kán, ó já sílẹ̀.

Ó gbé e. Ojú ibi tó ti kán ti dúdú, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú. Ibi kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán ló ń dán níbẹ̀, kò sì tóbi ju èékánná ọmọdé lọ.

"Ohun tó ń gbé àwọn ọmọ yẹn nìyí?"

"Òun náà ni."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú epo. Ọkọ àbúrò rẹ̀ bu omi fún un mu. Wàràwàrà gbé ife náà sílẹ̀, ó tún gbé irin tó kán náà wò.

Onísítíárìn fi apá irin tuntun sí bọ́ọ̀sì náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ yẹn. Ilé-ìwé dá a dúró títí sáà fi parí, ó sì lọ ń kó símẹ́ńtì fún àwọn kọ́lékọ́lé. Oṣù méjì ni kò fi yà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Tí àbúrò rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á ní "Àlàáfíà ni", á sì gé e. Ó dun obìnrin náà wọra. Nígbà mìíràn tó bá ń se oúnjẹ, á máa rò ó pé bóyá òun ì bá ti pe tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n tí ìlà dúdú inú ṣọ́ọ̀kì yẹn bá ti wá sí i lọ́kàn, á da ìrònú náà nù, á máa ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan wọlé, obìnrin náà ò mọ awakọ̀ rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

"Àbúrò mi nìyẹn," ó ń sọ fún ọkùnrin náà bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. "Jẹ́ kó fara balẹ̀ wò ó. Tó bá ní má gbé e jáde, má bá a jà. Kò ní gbọ́."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kó dìde. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọjọ́ yẹn. Obìnrin náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ jáde, ó ní kí wọ́n bá òun mú sípánà nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Ẹnì kan fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́.

"Bọ̀dá mi, nọ́ńbà mọ́kàndínlógún lẹ gbé wá yìí."

"Mo mọ̀," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn, ẹ̀rín ti wà lóhùn rẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣì mọ̀wé kà ni."