Ẹnu Mi Ni Wọ́n Fi Ń Bá A Sọ̀rọ̀

Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ wa ní yunifásítì ní Kútọnu sọ pé Ìbàdàn la máa lọ, ká lọ wo bí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, inú mi dùn ju ti gbogbo kíláàsì lọ. Èmi nìkan ni mo gbọ́ Yorùbá láàárín wa. Mo ti rò ó pé èmi ni gbogbo ará Ìbàdàn máa fà mọ́ra.

Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n fà mọ́ra. Ọmọ Fọ̀n láti Àgbómì ni, yàrá kan náà la jọ ń gbé ní Kútọnu. Inú bọ́ọ̀sì la wà tó ti ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Mo kọ́ ọ. Mo tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí ilé ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Bódìjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí kò rí ìwé kà parí níṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá àgbàlagbà tó jẹ́ olórí ibẹ̀ dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọ́n dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Ọ̀rẹ́ mi náà kúnlẹ̀, ó kí wọn, ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀.

"Yéè! Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ Kútọnu yìí ń sọ Yorùbá!"

Wọ́n fà á dìde, wọ́n gbá a mọ́ra, àwọn tó ń ránṣọ sì ń pàtẹ́wọ́. Ìyá náà wá yíjú sí mi. "Ìwọ, jọ̀ọ́, bá wa gbé omi fún àwọn àlejò."

"Àlejò ni èmi náà, mà. Kétu ni mo ti wá."

"Kétu ti Èkó?"

"Rárá, mà. Ti Bẹ̀nẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Abájọ tí Yorùbá ẹ fi ń dún bíi ti ará oko."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbé omi náà.

Lọ́sàn-án, a gba Dùgbẹ̀ lọ. Obìnrin kan ń ṣe báàgì aláwọ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀, ó sì ń kó o lọ sí òkè òkun. Nítorí obìnrin yìí gan-an ni mo ṣe wá. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn báàgì rírán, èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán èyí tí mo gbé kọ́ èjìká lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń ṣàlàyé, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ra awọ. Mo bèèrè, mo sì fi tèmi kún un: kí ni wọ́n máa ń ṣe tí awọ bá wọ́n lọ́jà?

Obìnrin náà wo ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ yìí mà lọ́pọlọ o!"

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n pè mí sọ́dọ̀ wọn. "Sọ fún un pé tó bá fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi, kó wá. Yàrá kan ṣófo nílé mi ní Ring Road."

Mo sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó pariwo, èmi ló sì kọ́kọ́ dì mọ́.

Mo já ara mi gbà. "Èmi náà ńkọ́, mà? Èmi ni mo rán báàgì yìí."

Wọ́n gbà á, wọ́n yí i sókè yí i sódò. "Ó dáa o. Àmọ́ ilé lo wà níbí. Kò síbi tí o ò ti lè rí ẹni kọ́ ẹ. Òun ló jẹ́ àlejò."

Ilé wo? Mi ò mọ ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Ìbàdàn.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Challenge, ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó bá mi wá oògùn nínú àpò rẹ̀, ó sì rí i. Ìwà rere rẹ̀ yẹn tún wá mú kí inú bí mi sí i. Tó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn láti jowú rẹ̀.

Ó lọ nígbà ìsinmi lóòótọ́. Orí WhatsApp ló ti ń bi mí pé kí ni wọ́n ń pe abẹ́rẹ́ ní Yorùbá, kí ni wọ́n ń pe okùn, báwo ni òun ṣe máa sọ pé ó ti rẹ òun. Mo ń dá a lóhùn, ìgbà mìíràn lẹ́yìn tí mo bá ti jẹ́ kó dúró fún wákàtí bíi mélòó kan.

A ti jáde ní yunifásítì báyìí. Ó ti padà sí Dùgbẹ̀, ọ̀dọ̀ obìnrin náà ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ń rán báàgì tèmi ní Kútọnu, oúnjẹ òòjọ́ sì ń ti ibẹ̀ jáde. Tó bá gbé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sórí WhatsApp láàárọ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò ó. Ó máa ń di alẹ́ kí n tó lè kọ ọ́ sí i pé ó dáa.