Omi Tí Imú Mi Kọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgàndò, iṣẹ́ imú ni iṣẹ́ tèmi nínú oúnjẹ àárọ̀ ilé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìyá mi kì í dáná láàárọ̀, nítorí wọ́n ní láti tètè dé ìsọ̀ wọn ní Ìkòtún. Ìrọ̀lẹ́ ni a ti ń se ẹ̀kọ sílẹ̀, kò sì sí ọmọ tí kò níṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń fi orógùn rò ó. Àbúrò mi ọkùnrin, tí kò tíì tó ilé ìwé í lọ, ló ń fọ ewé eéran, tí ó ń nù ún gbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ìyá mi á bu ẹ̀kọ sínú ewé, èmi á pọ́n ọn, a ó tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n dì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó bó ewé, a ó fi omi tútù po ẹ̀kọ, a ó fi ṣúgà sí i, a ó mu ún, ó di ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n kí omi kankan tó kan ewé tàbí ẹ̀kọ, ìyá mi á gbé korobá síwájú mi. "Gbọ́ òórùn ẹ̀ wò." Imú mi mú ju ti gbogbo ilé lọ. Tí mo bá ní ó ń rùn, wọ́n á dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó lọ pọn òmíràn ní ilé kejì. Wọn kì í bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún kan, onílé wa gbẹ́ ṣáláńgá tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kàǹga tí gbogbo wa ti ń pọn omi. N kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ àtijọ́ yọ, n kò sì ní sọ irú ẹni tó jẹ́. Ṣùgbọ́n títí dòní ni ó ń rí mi lára: ẹni tí yóò bá wa mu omi náà ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ibi tí ìgbẹ́ yóò wà.

Òjò wá rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wa, bàbá mi kò sì sí nílé. Mo tẹ imú sí korobá, mo yára gbé e sókè.

"Ó ń rùn bíi ṣáláńgá."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Odò tí àwa mu dàgbà, ewúrẹ́ ń bá wa mu níbẹ̀. Àbí ọmọ gómìnà ni ẹ́?" Wọ́n kọjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, ìwọ lo bà wọ́n jẹ́. Imú ọmọ ló wá ń pàṣẹ nílé ọkọ ẹ."

"Ẹ má bínú, mà," ni ìyá mi wí. Ìyàwó ilé kì í já ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níyàn. Wọ́n wò mí, wọ́n wolẹ̀, wọ́n sì lo omi náà. Omi yẹn kan náà ni a fi po ẹ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo wa la mu ún. Àbúrò mi lá abọ́ tirẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti dá gbogbo wa wólẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n má ròyìn bí ilé náà ṣe rí. Àwọn aládùúgbò ló gbé wa lọ sí ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yè, ìyá mi yè, ẹ̀gbọ́n mi yè, èmi náà yè. Ọmọ tó ń nu ewé kò bá wa padà wálé.

Ẹ wá wo ti ìsinsìnyí. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń da ẹ̀kọ gbígbóná sí. Mo ti rí ẹlẹ́kọ tó jókòó sétí gọ́tà, tó fi ẹnu fẹ́ ọ̀rá kí ó lè là, itọ́ ń dán nínú rẹ̀, ó sì bu ẹ̀kọ lé e. Ẹ̀yin náà ń rà á, ẹ ń fi eyín já igun rẹ̀, ẹ ń fà á mu lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi ń se tèmi sílẹ̀ nínú ewé, tí mo sì ń pe àwọn ọmọ ọmọ mi sídìí rẹ̀. Omi tí mo sè, tí mo dé, ni a ń lò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí obìnrin nínú wọn tẹ orí sínú korobá. "Màmá, omi yìí ń rùn."

"Omi tí wọ́n sè?" Ọmọ mi, ìyá rẹ̀, pòṣé. "Àròyé ẹ ti pọ̀ jù. Nu ewé ẹ jàre."

Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ wò. N kò gbọ́ nǹkan kan; imú tèmi ti darúgbó.

"Ṣé ó ń rùn, mà?" ni ọmọ mi bi mí.

"Rárá."

"Ẹ ò rí i?"

Ayé ti yí padà, ìyípadà náà kò sì dùn mọ́ mi. Ewé ti di ọ̀rá, kàǹga ti di bọ́ọ̀hóò, ọmọ sì ń jẹun àárọ̀ tí kò mọ ọwọ́ tó sè é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ nídìí korobá kò yí padà rárá. Mo gbé omi náà, mo dà á nù tòun ti ewé tó wà nínú rẹ̀. N kò bi ọmọ náà léèrè lẹ́ẹ̀mejì.