Ojú Ìwé Tó Lẹ̀ Mọ́ra

Òórùn gíríìsì àti ti pákó tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá rántí ṣọ́ọ̀bù bàbá mẹkáníìkì ní Múṣin. Igi odán ńlá kan ló ṣíji bo ibẹ̀. Àwọn tó ń la pákó wà lẹ́yìn ògiri, bí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ báyìí, lẹ́búlẹ́bú pákó á fò kọjá wá, á bà lé gbogbo ohun tí epo bá wà lára rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń la pákó kọjá, àyà mi á ti já kí n tó rántí ìdí rẹ̀.

A kò tíì gba òmìnira nígbà náà. Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Yábàá, ọkọ mi ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, yàrá méjì ni a sì ń gbé ní Sábó. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi. Ọ̀gá òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló ta ọkọ̀ náà fún ọkọ mi. Ọkọ̀ eré ìje ni, aláwọ̀ ewé, eléèyàn méjì, kò ní òrùlé, ó sì ti gbó. Imú rẹ̀ gùn, ó sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi ń sọ pé ewúrẹ́ tó bá jẹun yó pàápàá lè fò ó. Ọkọ mi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa mélòó kan máa ń kó ọkọ̀ irú èyí jọ lọ́jọ́ Sátidé sí pápá kan lọ́nà Ìkẹjà, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn sójà ti ń balẹ̀ nígbà ogun, wọn á sì máa sáré yí ibẹ̀ po. Wọ́n ti gbà fún ọkọ mi pé kó wá. Kò tíì sáré irú rẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ọjọ́ eré náà pé, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ti bọ́ sípò kó tó di ìgbà náà.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mẹkáníìkì, àgbà Mùsùlùmí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ti ń tún lọ́rì ṣe láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kékeré yìí kì í ṣe lọ́rì. Ìwé ńlá kan bá a wá, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, ó ń sọ bí a ó ṣe tú u àti bí a ó ṣe tò ó padà. Bàbá kò mọ̀wé, ọkọ mi kì í sì í tètè dé láti ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé èmi, tí mo wà ní ìsinmi, ni mò ń lọ sí Múṣin lójoojúmọ́. Màá jókòó sórí àpótí, màá máa ka ìwé náà, màá sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún un. Tíṣà ló ń pè mí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà níbẹ̀ ni n kò mọ orúkọ rẹ̀. Màá sọ pé, "Bàbá, wọ́n ní irin kan wà tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé," á sì na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀ mú un láìwò.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwé yẹn fẹ́ràn ìkìlọ̀. Kò sí ojú ìwé tí kò sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ bí a bá gbàgbé èyí, tàbí bí a kò bá de tọ̀hún le. Ẹnu ara mi ni mo fi ń túmọ̀ rẹ̀, bíi pé èmi gan-an ni mò ń ṣépè fún ọkọ mi. Mo ti rí lọ́rì kan tó dojú dé lọ́nà Ìkòròdú lọ́dún tó ṣáájú, bàtà awakọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹnìkan ò sì mú un. Bàtà yẹn ni mò ń rí nínú ìwé. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó ní, "Ìwé òyìnbó máa ń bẹ̀rù ju òyìnbó fúnra rẹ̀ lọ." Ó wá ní tó bá di ọjọ́ náà kí n jókòó sílé, nítorí oyún mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn la tó kan ẹsẹ̀ iwájú. Irin kan wà níbẹ̀ tó so síárìn mọ́ táyà, òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbọ́ ohun tí ọwọ́ awakọ̀ bá sọ. Nọ́ọ̀tì ló dì í mú. Bí a bá ti dè é tán, wáyà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan wà tí a ó kì bọ inú ihò nọ́ọ̀tì náà, tí a ó sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí nọ́ọ̀tì má baà máa yí kúrò. Píìnì ni Bàbá ń pè é. Ní Ọjọ́bọ̀ a ṣe ọwọ́ ọ̀tún. Mo kà á, Bàbá kì í bọ inú ihò, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n fi àwòrán rẹ̀ hàn òun, ó fi ìka kàn án, gíríìsì sì kù sójú ìwé. Mo pa ìwé dé. A lọ sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ a bọ́ sí ọwọ́ òsì. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ de nọ́ọ̀tì náà tán ni wọ́n pe ìrun. Ó fọ ọwọ́, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Atẹ́gùn gbé lẹ́búlẹ́bú pákó dé, mo sì tún pa ìwé dé kó má baà bà á jẹ́. Nígbà tó padà, ó bi mí pé, "Tíṣà, ibo la dé?" Mo ṣí ìwé. Àwòrán táyà ni mo rí. Mo ní, "Ó ku táyà, Bàbá." Ó gbé táyà sí i, ó dè é, ó sọ jáàkì kalẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi wá wa ọkọ̀ náà lọ sí Sábó, gbogbo àdúgbò sì jáde wá wò ó.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá wá bá wa. Òun àti ọkọ mi kó sípánà àti jáàkì sẹ́yìn ìjókòó, wọ́n sì lọ. Mo ní kí n nu ìwé náà kí n tó gbé e pamọ́. Mo ń fi àkísà nu etí rẹ̀ ni mo rí i pé ibì kan nípọn ju ibi yòókù lọ. Mo fi èékánná là á. Ojú ìwé méjì ló lẹ̀ mọ́ra, gíríìsì Bàbá ló lẹ̀ wọ́n pọ̀, àwòrán píìnì sì wà láàárín wọn. Mo rántí pé mo kà á ní Ọjọ́bọ̀. Mo wá inú ara mi fínnífínní bóyá mo kà á ní Jímọ̀, n kò rí i.

Mo gbé ìwé náà mọ́ra, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn dé Jíbówú, níbi tí mo ti rí ọkọ̀ akérò bọ́lẹ̀kájà kan tó ń lọ sí Ìkẹjà. Gbogbo ibi tí ènìyàn bá ti na ọwọ́ ni awakọ̀ rẹ̀ ń dúró. Ẹ̀gbẹ́ ni mo jókòó sí, mò ń wo inú kòtò ọ̀nà. Bí mo bá rí ibi tí ewé ti ṣù jọ, màá rò pé ọkọ̀ aláwọ̀ ewé wa ni. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí bóyá ara mi kò yá, mo kàn mi orí, nítorí bí mo bá la ẹnu, ohun tó máa jáde kò ní dára. Lẹ́yìn tí mo sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà pápá náà ṣì jìn. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, ó so ayùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí ènìyàn ni. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó gbé mi sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ kan di ìjókòó rẹ̀ mú, mo fi èkejì di ikùn mi. Ibi tí a kò tíì lè rí pápá ni mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì.

Àwọn ọkọ̀ ti tò síbi ìlà. Ọkọ mi wà ní ìlà kejì, ó ti fi awò bo ojú, òyìnbó kan sì dúró níwájú wọn pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Bàbá dúró lẹ́bàá àgbá omi. Mo sáré bá a, mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ òsì. N kò ka píìnì."

Ó wò mí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé mo fi sí i, Tíṣà. Ṣùgbọ́n mo rò ó ni, n kò rí i."

Kò sáré. Ó fi bùbá rẹ̀ tó kún fún epo rìn kọjá níwájú òyìnbó alásíá náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé imú ọkọ̀ wa, ó sì dúró. Òyìnbó náà pariwo mọ́ ọn, àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ọrùn ọkọ mi ń pọ́n fún ìtìjú. Ó ní, "Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀." Bàbá ní, "Ẹ sọ̀kalẹ̀." Ìgbà tí ọkọ mi rí i pé kò ní kúrò, ó pa ẹ́ńjìnnì, a sì ti ọkọ̀ náà sórí koríko. Àwọn yòókù sáré lọ láìsí i.

Bàbá fi jáàkì gbé e, ó tú táyà òsì. Kò sí píìnì níbẹ̀. Láti Múṣin dé Sábó, láti Sábó dé ibẹ̀, nọ́ọ̀tì náà ti ń yí díẹ̀díẹ̀. Bàbá kò mú sípánà. Ìka méjì péré ló fi yí i, ó sì já sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ó wá jókòó sórí koríko. Èmi ṣì dúró, ìyẹn nìkan ni mo lè ṣe.

Mo ń bẹ Bàbá pé èmi ni mo fà á. Ó ní, "Àwa méjèèjì ni. Tèmi ló pọ̀ jù, èmi ni mo mọ irin." Ó de nọ́ọ̀tì náà padà, ó fi píìnì tuntun sí i, ó sì pè mí kí n wá fi ìka ara mi kàn án. Òyìnbó alásíá ti wá bá wa nígbà náà, kò pariwo mọ́. Ó sọ fún ọkọ mi pé eré kan ṣì kù, pé bó bá fẹ́, ó lè bá wọn sá a. Ọkọ mi yíjú sí mi.

"Ṣé kí n lọ?"

Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí lórí ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ ní rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Dípò rẹ̀, mo ṣí ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ iwájú, mo kà á sókè ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, Bàbá ń fọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan bí mo ti ń pè é, ọ̀tún àti òsì. Ìgbà tí a parí, tí Bàbá sì ti de táyà padà, mo ní kó máa lọ. Mo wá kọ ẹ̀yìn sí pápá. Etí ni mo fi wò ó. Gbogbo ìgbà tí ariwo ọkọ̀ rẹ̀ bá lọ jìnnà, n kì í lè mí títí á fi padà dé. Ó ṣe ipò kẹta láti ẹ̀yìn, eruku bò ó títí dé eyín, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọdé.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọkọ mi títí ó fi dàgbà, tó sì kú lórí ibùsùn rẹ̀ láìgbọ́ ọ. N kò jáde nílé lójú ẹsẹ̀ tí mo la ojú ìwé yẹn. Mo pa á dé. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń fọ abọ́ oúnjẹ àárọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé àgbà mẹkáníìkì kò lè gbàgbé píìnì, pé wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn òyìnbó, pé ọkọ mi ní kí n jókòó sílé. Gbogbo rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Abọ́ mẹ́ta ni mo fọ̀. Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ mi, ọṣẹ wà lára rẹ̀, nígbà tí mo gbé e sílẹ̀ tí mo sì dìde, n kò sì mọ̀ títí di òní ohun tó gbé mi dìde.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo tún fi kọ́ ọmọ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọmọ kan bá sọ pé ìṣirò òun dá òun lójú, màá ní kó padà lọ wò ó. Wọ́n ní tíṣà tó le ni mí. N kò le rárá. Obìnrin tó jókòó tó ń fọ abọ́ yẹn, tí ohun gbogbo dá lójú, òun ló ṣì ń bà mí lẹ́rù.